Mo ní àìsàn thyroid, ṣé mo lè fi oògùn ìsoríkọ́ tí mò ń lò sílẹ̀?

O lè fi í sílẹ̀, àmọ́ kì í ṣe lójijì, kì í sì í ṣe láìjẹ́ pé dókítà rẹ mọ̀ sí i. Kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ TSH, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi bí thyroid, ẹ̀yà ara kan tó wà ní ọrùn, ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Thyroid tí kò ṣiṣẹ́ tó máa ń fa àárẹ̀ àti ìrẹ̀wẹ̀sì. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù máa ń mú kí àyà máa já, kí oorun sì dá lójú ẹni. Ibi tó ti ń rú èèyàn lójú nìyẹn, torí pé dídín oògùn ìsoríkọ́ kù náà lè fa àìróorunsùn, àìbalẹ̀ ọkàn, òòyì, àti ohun kan tó ń ta nínú orí bíi pé iná mànàmáná gbé èèyàn, láàárín ọjọ́ mélòó kan péré.

Nítorí náà, má ṣe yí ìwọ̀n oògùn ìsoríkọ́ àti ti oògùn thyroid padà pa pọ̀. Bí wọ́n bá yí ìwọ̀n levothyroxine rẹ (oògùn fún thyroid tí kò ṣiṣẹ́ tó) padà, dúró di ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí TSH tó fìdí múlẹ̀.

Nínú àwọn oògùn ìsoríkọ́, paroxetine àti venlafaxine wà lára àwọn tó máa ń nira jù láti fi sílẹ̀. Fluoxetine rọrùn díẹ̀, torí ó máa ń pẹ́ nínú ara. Bó bá jẹ́ sertraline lò ń lò, ó lè mú kí ara nílò levothyroxine sí i, nítorí náà tún TSH yẹ̀ wò lẹ́yìn tó o bá fi í sílẹ̀.

Dín oògùn ìsoríkọ́ náà kù díẹ̀díẹ̀, kódà bó gba oṣù mélòó kan. Bí èrò àtipa ara ẹni bá wá sọ́kàn rẹ, lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.