Ìyá Júù tí mò ń tọ́jú ń bẹ̀ mí, kí ni kí n dá wọn lóhùn?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. London níbí ni mo wà, mò ń tọ́jú ìyá àgbà kan ní Golders Green, Júù ni wọ́n, ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n lè lọ sí sínágọ́gù mọ́. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àràárọ̀ ni ọmọ wọn ọkùnrin ń wá fun ìwo àgbò fún wọn ní pálọ̀, àfi ọjọ́ Sátidé. Àná ni màmá wá ní kí n jókòó, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n dárí ji àwọn torí ọjọ́ tí wọ́n pariwo mọ́ mi pé mo fi ṣíbí ẹran ro tíì onímílíìkì. Ojú tì mí, mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò sí wàhálà, àmọ́ mo rí i pé inú wọn ò dùn sí èsì yẹn. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àdúrà ọdún tuntun ti dà bí ohun tí àwọn kàn ń fẹnu kà. Kí ló wà nídìí ẹ̀?
– Arábìnrin kan, London

ÌDÁHÙN: Arábìnrin mi, ẹ kú ìtọ́jú àgbà. Elul ni wọ́n ń pe oṣù yìí, ọjọ́ 29 ló ní, òun ló gbẹ̀yìn kí Rosh Hashanah, ọdún tuntun wọn, tó wọlé. Ìwo yẹn, shofar ni, Maimonides, àgbà amòfin wọn tó kú ní 1204, ní ńṣe ló ń jí àwọn tó ń sùn kí wọ́n yẹ ìwà ara wọn wò. Sáàmù 27, "Olúwa ni ìmọ́lẹ̀ mi àti ìgbàlà mi", tí àwa náà mọ̀ dáadáa yẹn, wọ́n ń kà á láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Àmọ́ ibi tó kàn yín gan-an rèé. Yom Kippur, ọjọ́ ààwẹ̀ tó bọ́ sí ọjọ́ kẹwàá ọdún náà, ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀ téèyàn ṣẹ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n èyí téèyàn ṣẹ ọmọnìkejì, kò lè wẹ̀ ẹ́ àfi téèyàn bá kọ́kọ́ lọ tu onítọ̀hún lójú, inú Mishnah, ìwé òfin wọn àtijọ́, ló wà láti nǹkan bí ọdún 200. Tónítọ̀hún bá kọ̀, wọ́n á tún padà lọ, ó di ìgbà mẹ́ta! Ṣé ẹ wá rí i, ohun tí màmá ń wá ò sí nínú ìwé àdúrà, ọwọ́ yín ló wà. Mo mọ̀ pé nílé wa àgbà kì í sábà bẹ ọmọdé, ìdí tójú fi tì yín nìyẹn, àmọ́ "kò sí wàhálà" yẹn dà bí ìgbà téèyàn gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà tẹ́ ẹ ò ṣílẹ̀kùn fún un. Ọ̀rọ̀ ṣíbí yẹn náà kì í ṣe ìkanra lásán o, ẹran àti mílíìkì kì í pàdé nínú ilé ìdáná wọn, abọ́ àti ṣíbí tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Lọ́la, kí ọmọ wọn tó dé, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ di ọwọ́ wọn mú bí wọ́n ṣe di tiyín mú. Tí ariwo ọjọ́ yẹn bá dùn yín, ẹ sọ ọ́, torí ìyẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ gbọ́, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé "Màmá, mo ti dárí jì yín." Tí ọdún bá wọlé, tí wọ́n bá na ápù tí wọ́n ti kì bọ oyin sí yín, ẹ gbà á, ẹ bá wọn jẹ ẹ́, kẹ́ ẹ kí wọn pé "Shana tova", ìyẹn "ọdún rere."