Igi ọ̀pẹ kan náà ló bí epo pupa àti àdín, kí ló dé tí wọn ò jọra?

Ibi tí a ti ń fún wọn ló yàtọ̀. Ara ẹyìn ni epo pupa ti ń jáde; inú èkùrọ́ ni ti àdín, ọ̀rá inú wọn kò sì rí bákan náà.

Lauric acid, ọ̀kan lára àwọn ásíìdì tó para pọ̀ di ọ̀rá, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àdín. Kábọ́ọ̀nù 12 ló so pọ̀ bí ẹ̀wọ̀n nínú rẹ̀. Palmitic acid (kábọ́ọ̀nù 16) àti oleic acid (kábọ́ọ̀nù 18) ló pọ̀ jù nínú epo pupa. Kíkúrú tí ẹ̀wọ̀n ti àdín kúrú yìí ló mú kí saponification value rẹ̀ (mílígíráàmù potash, KOH, tó ń sọ gíráàmù ọ̀rá kan di ọṣẹ) ga: nǹkan bíi 230 sí 254, nígbà tí ti epo pupa jẹ́ 190 sí 209. Ẹ̀yin tí ẹ ń se ọṣẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba, àdín máa ń gba sódà ju epo pupa lọ. Ọṣẹ rẹ̀ máa ń le, ó sì ń hó dáadáa.

Iodine value àdín, ìyẹn òǹkà tó ń sọ bí àyè tí afẹ́fẹ́ lè so mọ́ nínú ọ̀rá ṣe pọ̀ tó, kéré, 14 sí 21. Ti epo pupa tó 50 sí 55. Ìdí nìyí tí àdín kì í fi í tètè bàjẹ́ bí afẹ́fẹ́ bá kàn án.

Bí ooru bá ti tó nǹkan bíi 25 sí 28°C, àdín ti ń yọ́ nìyẹn. Tó bá dì láàárọ̀ ọyẹ́, kì í ṣe pé wọ́n lú u. Àwọ̀ dúdú rẹ̀ sì ńkọ́? Yíyan èkùrọ́ ló fà á.