Àgógó ẹnu squid láti Àǹtákítíkà: èsì fún àbúrò wa tó fẹ́ fi kọ àpilẹ̀kọ

Àbúrò mi, o béèrè bóyá àgógó ẹnu squid (ẹran òkun rírọ̀ tó ní apá púpọ̀) tí wọ́n ṣà nínú èébì ẹyẹ albatross tó láti fi kọ àpilẹ̀kọ másítà nípa ìgbé ayé squid nínú òkun Àǹtákítíkà, àbí kí o dúró de ọkọ̀ ìwádìí tó máa kó odindi squid wá. Má dúró de ọkọ̀ kankan. Àwọn squid tó ti dàgbà máa ń sá fún àwọ̀n, àwọn kéékèèké ló sábà ń kó. Ẹyẹ, séàlì àti àbùùbùtán ló ń bá wa mú àwọn ńlá. Ẹran ara squid á dà nínú ikùn wọn, ṣùgbọ́n àgógó ẹnu rẹ̀, tó le tó sì tẹ̀ kọdọrọ bíi ti odídẹrẹ́, kì í dà bọ̀rọ̀. Láti ikùn àbùùbùtán náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ colossal squid, irú squid tó wúwo jù lọ. Apá rẹ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ní 1925, ọgọ́rùn-ún ọdún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kí wọ́n tó ya fídíò rẹ̀ láàyè nínú omi, lágbègbè erékùṣù South Sandwich, ní oṣù kẹta 2025. Ọmọdé ni wọ́n sì rí yẹn o, nǹkan bíi 30 sẹ̀ǹtímítà.

Kí o tó ronú nípa maikirosíkóòpù rárá, lọ jókòó ti ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ. Ibẹ̀ ni ojú mi ti rí màbo. Páálí àgógó ẹnu tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi dé pápákọ̀ òfuurufú, kò jáde. Òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní ọtí (ẹ̀tánọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń tọ́jú àgógó) wà nínú rẹ̀, ó lè gbiná. Ẹni kejì ní wọ́n kọ èébì ẹyẹ sára rẹ̀, àrùn ẹyẹ lòun ń bẹ̀rù. Ẹni kẹta ò tiẹ̀ ṣàlàyé nǹkan kan, ó ṣáà ní kí n máa retí ìpè. Mo pè, mo kọ lẹ́tà, wọ́n ń tì mí láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn, kò sì sẹ́ni tó gbà láti buwọ́ lu nǹkan kan. Ilé ìkẹ́rù tó móoru ni páálí náà wà ní gbogbo àsìkò yẹn. Wọ́n ti tú u wò, wọn ò sì dé àwọn ìgò náà padà bó ṣe yẹ. Nígbà tó fi máa tẹ̀ mí lọ́wọ́, ọtí ti gbẹ tán nínú ọ̀pọ̀ wọn. Àgógó ẹnu tó bá gbẹ á ká kò, etí rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ á sán, kò ní ṣeé wọ̀n mọ́. Mo fi ẹ̀mú kan ọ̀kan báyìí, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ó ń dùn mí dòní, torí ẹyẹ tó bì í kò ní bì í lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà, sọ fún ẹni tó máa fi ránṣẹ́ pé kó lo òfin IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú lágbàáyé, tí wọ́n ń pè ní Special Provision A180. Òun ló fàyè gba ìwọ̀nba ọtí fún nǹkan ìwádìí: kò gbọ́dọ̀ ju 30 mílílítà lọ nínú ìgò kan, kò sì gbọ́dọ̀ ju lítà 1 lọ nínú odindi páálí. Kó kọ ọ́ gàdàgbà síta páálí. Kí ìwé àṣẹ ìkówọlé fún ohun tó wá lára ẹranko ti wà lọ́wọ́ rẹ kí páálí tó gbéra. Ọ̀gá tó bá ní ‘ìyẹn ò le’, òun kọ́ ló máa lọ dúró ní kántà. Pẹ́ńsù ni kí wọ́n fi kọ lébẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n sì jù ú sínú ìgò gan-an, torí ọtí máa ń fọ báírò nù.

Yíyà wọ́n sọ́tọ̀ kò gba àlàyé púpọ̀: àgógó ìsàlẹ̀ ni kí o fi dá irú squid mọ̀, fi kálípà (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn nǹkan kéékèèké) wọ̀n ọ́n, kí o wo ìwé atọ́nà nípa àgógó ẹnu tí àwọn onímọ̀ Xavier àti Cherel ṣe ní 2009.

Ibi tó ti lè tàn ọ́ jẹ nìyí. Wandering albatross tó pamọ sí erékùṣù South Georgia lè fò dé etíkun Brazil lọ wá oúnjẹ. Kì í ṣe gbogbo àgógó tó bá bì ló ti Àǹtákítíkà wá. Wo carbon-13 inú àgógó náà, ìyẹn irú carbon tó wúwo díẹ̀ ju èyí tó wọ́pọ̀ lọ: bí a ṣe ń lọ sí gúúsù ló ń dín kù. Nitrogen-15, irú nitrogen tó wúwo bákan náà, ló máa sọ ipò tí squid náà wà láàárín àwọn ẹ̀dá òkun tó ń jẹra wọn, ìyẹn ta ló ń jẹ ta. Ṣùgbọ́n nitrogen-15 inú àgógó kéré sí ti ẹran ara squid kan náà, torí chitin, èròjà líle bíi ti èèpo edé, tó wà níbẹ̀, nítorí náà o ò lè fi wé ti ẹja láìṣe àtúnṣe. Àwọn onímọ̀ tí mo bi léèrè mọ èyí, kò sẹ́ni tó là á yé mi títí mo fi parí ìṣirò. Albatross kì í rì jìn pẹ̀lú. Òkú squid Kondakovia longimana máa ń léfòó, ẹyẹ á sì ṣà á jẹ, nítorí náà má fi èébì ẹyẹ sọ bí ibi tí squid ń gbé ṣe jìn tó.

O fẹnu kan octopus, ìbátan squid tó ní apá mẹ́jọ. Gbàgbé rẹ̀ bó bá jẹ́ albatross nìkan lo ní, ilẹ̀ òkun ni tiwọn. Irú octopus kan, Pareledone turqueti, ń yé ẹyin ńlá, ọmọ tó bá sì pa kì í bá omi lọ, ilẹ̀ ló ń rìn. Ìdí nìyẹn tí àbùdá wọn fi lè pa ìtàn mọ́. Ní 2023, ìwé ìròyìn Science gbé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé àwọn tó wà ní òkun Weddell, Amundsen àti Ross ti pàdé rí ní nǹkan bí 125,000 ọdún sẹ́yìn. Yìnyín ìwọ̀-oòrùn Àǹtákítíkà tó dí ọ̀nà wọn báyìí ti ní láti yọ́ nígbà náà. Àwọn octopus tí wọ́n ti kó pa mọ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn wà lára ohun tí wọ́n lò. Bí o bá wá rí octopus gbà, béèrè dáadáa bóyá wọ́n ti ki tìrẹ bọ fọ́máálìnì, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ẹran, torí ó ń ba DNA jẹ́.

Nípa àpilẹ̀kọ rẹ, bẹ́ẹ̀ ni, àgógó ẹnu tó. Dín àkòrí náà kù sí irú squid tí albatross ń jẹ, omi tí wọ́n ti wá, àti ipò wọn láàárín àwọn tó ń jẹra wọn. Ṣe ìbú omi àti octopus ní àyọkúrò, má sì ju àgógó òkè nù, kà á lọ́tọ̀ bí o ṣe ka ti ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ tí páálí bá dé, bu ẹ̀tánọ́ọ̀lù 70% tuntun sí gbogbo ìgò kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn.