Ẹni tó jìnnà jù ni kí ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn

Arákùnrin mi, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ ní ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti wá sìn nínú míṣọ̀n fún ọdún méjì. Ẹ ti ń kọ́ Haúsá nítorí abúlé tí ẹ rò pé wọ́n máa rán yín lọ, ni wọ́n bá ní kí ẹ jókòó sí ọ́fíìsì ní Àbújá. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, lẹ́tà ni, rìsíìtì ni, fóònù ni. Ẹ wá ń béèrè bóyá iṣẹ́ ìhìnrere nìyí, bóyá kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé yín lọ sí pápá, ìyẹn àwọn abúlé tí àwọn míṣọ́nnárì ti ń wàásù, àti bí èèyàn ṣe lè la irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ já kí ọkàn rẹ̀ má gbẹ.

Ẹ má tíì bẹ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ yìí ni mo ti ń ṣe láti ìgbà tí ọ́fíìsì wa ṣì wà ní Kàdúná, kí a tó kó wá sí Kubwa ní Àbújá níbí.

Iṣẹ́ tó pọ̀ kọ́ ló ń dani láàmú jù nínú ọ́fíìsì míṣọ̀n. Àwọn tó wà nítòsí ló máa ń pariwo, àwọn tó jìnnà kì í pariwo. Pásítọ̀ tó fẹ́ kí ẹ bá òun tẹ ìwé dúró lórí yín. Àlejò tó mú ọrẹ wá láti Gwarinpa ti jókòó, ẹ gbọ́dọ̀ wá omi tútù fún un. Jẹnẹrétọ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n ìyàwó míṣọ́nnárì kan wà ní abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Niger, ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná, owó oṣù ò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kò sì ní pè yín torí ó mọ̀ pé ọwọ́ yín dí. Bí ẹ bá jẹ́ kí ariwo máa pín iṣẹ́ fún yín, orí ìyá ọmọ yẹn ni ìyà máa já sí. Bí ọ̀nà ṣe jìn tó ni mo fi ń to iṣẹ́ mi: ẹni tó jìnnà jù ni mo kọ́kọ́ ń dá lóhùn.

Ẹ wo ọjọ́ tí a bá ń sanwó ní ìparí oṣù. Mo máa ń tètè dé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì máa ń ṣe dáadáa ní kùtùkùtù. Tó bá di ọ̀sán, owó lè kúrò lọ́dọ̀ yín kó má dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí. Àwọn tí kì í rí oní-POS àfi lọ́jọ́ ọjà ni mo kọ́kọ́ ń san tiwọn. Ọjọ́ ọjà abúlé kọ̀ọ̀kan wà lára ògiri mi, torí bí ọjà bá ti tú kí owó tó wọlé, ó di ọjà mìíràn. Àwọn tó wà ní Minna, Zaria tàbí Jos lè dúró di ọ̀sán, wọn ò ní bínú. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán béèrè bóyá ó ti wọlé. Ẹ má fi ohùn WhatsApp ránṣẹ́ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti lágbára, kì í ṣí.

Bí ìpè bá wá láti pápá, ẹ gbé e, àní bí ẹ bá wà nínú ìpàdé. Ẹlòmíràn ti gun àpáta kó tó lè pè yín. Ẹ má sọ fún un pé kó pè padà, ó lè má rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ kọ ohun tó sọ sínú ìwé lójú ẹsẹ̀, ẹ kọ aago tó pè. Kí n tó béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo máa ń béèrè ara rẹ̀, ìdílé rẹ̀, àti àwọn tó ń wàásù fún. Bí mo ṣe ń gbọ́ orúkọ wọn nìyẹn, orúkọ yẹn ni mo sì fi ń gbàdúrà láàárọ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí ọkàn mi gbẹ nìyẹn.

Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n yí owó náírà padà. Ní oṣù kẹwàá 2022 ni báńkì àpapọ̀ kéde rẹ̀; wọ́n ní owó àtijọ́ ò ní ṣeé ná mọ́ lẹ́yìn 31 oṣù kìíní 2023, wọ́n tún wá sún un sí 10 oṣù kejì, bẹ́ẹ̀ owó tuntun ṣọ̀wọ́n. Ní Wuse ní Àbújá, èèyàn lè fi káàdì ra oúnjẹ. Níbi tí àwọn tiwa wà, ta ló ní ẹ̀rọ káàdì? Owó wà nínú àkáǹtì wọn, ebi sì ń pa wọ́n. Ṣe la bẹ̀rẹ̀ sí í wá oníṣòwò tó ní àkáǹtì nínú ìlú tó sún mọ́ abúlé kọ̀ọ̀kan: a ó fi owó ránṣẹ́ sí i tààrà, òun a sì gbé ìrẹsì, epo àti ọṣẹ fún míṣọ́nnárì wa. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, tọkàntọkàn ni wọ́n sì fi ṣe é. Kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ ní 3 oṣù kẹta pé kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́ títí ọdún á fi parí, nọ́ńbà àwọn oníṣòwò yẹn ti kún ìwé kan lọ́wọ́ mi. Mo ṣì ń pè wọ́n kí wọn nígbà ọdún Iléyá. Ẹ wá irú èèyàn bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí, kí ọ̀ràn pàjáwìrì tó dé.

Nígbà tí ìjọba pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì Zamfara ní oṣù kẹsàn-án 2021 nítorí àwọn agbébọn, lẹ́tà àfọwọ́kọ la padà sí, dírẹ́bà ló ń bá wa gbé e lọ sí Gusau. Mo máa ń fi nọ́ńbà sórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó gbà á lè mọ̀ bí èyí tó ṣáájú bá sọnù.

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ló wà lọ́kàn mi jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọlu ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná ní 28 oṣù kẹta 2022, mi ò lọ sílé mọ́ kí n tó gbọ́ ohùn gbogbo ẹni wa tó wà lójú ọ̀nà. Nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà dírẹ́bà àti orúkọ ẹni tó máa pàdé wọn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé kí ọkọ̀ tó kúrò ní gáréèjì. Ọ̀gá kan lè sọ pé ẹ ń ṣe àṣejù. Ẹ má torí ìyẹn jáwọ́.

Ní ti ìwé ìjọba, ẹ ṣáà tètè bẹ̀rẹ̀. Láàárín 30 oṣù kẹfà sí 31 oṣù kejìlá ni CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ń gba ìròyìn ọdọọdún àwọn ẹgbẹ́ bíi tiwa; ẹ má dúró di Kérésì. Ìwé ẹ̀rí SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti fífi owó ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́, ni báńkì máa ń béèrè. Bí ẹ bá ní míṣọ́nnárì láti òkè òkun, ẹ máa ka ọjọ́ tí káàdì CERPAC rẹ̀, ìyẹn ìwé àṣẹ ìgbé àlejò láti òkè òkun, máa kú.

Ẹ béèrè bóyá iṣẹ́ ìhìnrere nìyí. Tertiu ló fọwọ́ kọ lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù. Ó wà ní orí 16, ẹsẹ 22. Ohun tí ẹlòmíràn ń sọ ló jókòó kọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun náà sì kí wọn nínú Olúwa. Ibẹ̀ ni mo máa ń kà nígbà tó bá rẹ̀ mí.

Dípò kí ẹ ní kí wọ́n gbé yín kúrò, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ bá àwọn tó ń kó ẹrù lọ sí pápá, kí ẹ sùn níbẹ̀, kí ẹ rí ibi tí wọ́n ti ń pè yín. Ẹ má sì fi Haúsá tí ẹ ń kọ́ sílẹ̀. Òun lẹ máa bá àwọn dírẹ́bà gáréèjì Utako sọ, òun náà lẹ máa bá mai shayi, oní-tíì tó wà lẹ́nu géètì yín sọ, ẹni tí ẹ ń kọjá lára rẹ̀ láràárọ̀. Ẹ ra tíì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la, kí ẹ sì béèrè orúkọ rẹ̀.