Wọ́n wọ́ ọkọ̀ mi lọ, wọ́n tún ní mo jẹ gbèsè: ṣé kí n san án?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Houston ni mo ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń ṣe. Mo ra ọkọ̀ kan ní àwìn ní ọdún 2020. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ní 2022, oṣù kẹrin ọdún náà ni mo sanwó kẹ́yìn. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, wọ́n wá wọ́ ọkọ̀ náà lọ lóru. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sọ pé gbèsè mi jẹ́ dọ́là 17,200, pé gbàǹjo mú 8,500 wá, pé wọ́n ná 700 lórí wíwọ́ ọkọ̀ àti títà á, ó wá ku 9,400. Báyìí wọ́n kọ “charge-off” sínú ìwé krẹ́díìtì mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé báńkì ti pa gbèsè náà rẹ́, kí n dákẹ́ títí ọdún méje á fi pé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n yára san án kí máàkì krẹ́díìtì mi lè gòkè. 548 ló wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan pè mí pé bí mo bá san 4,000 kí oṣù kọkànlá ọdún 2025 yìí tó parí, ọ̀rọ̀ ti tán. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ ra ilé ní nǹkan bí ọdún méjì sí i. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìrójú, arábìnrin. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kan owó, torí ọ̀pọ̀ èèyàn wa, ìgbà tí wọ́n bá ti san án tán ni wọ́n ń pè mí. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò. Iṣẹ́ ìmọ̀ràn lórí gbèsè ni mo ń ṣe. Ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé sísan irú gbèsè yìí àti títún krẹ́díìtì ṣe kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ lè san án tán kí máàkì yín má kúrò lójú kan. Ẹ lè má tíì san kọ́bọ̀ kí ó sì máa gòkè. Ìdí tó lágbára wà tí èèyàn fi lè san án, àmọ́ kì í ṣe ìdí tí ọ̀rẹ́ yín sọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín náà ò jàre. Àwọn aláṣẹ tó ń ṣàbójútó báńkì ní Amẹ́ríkà ló là á sílẹ̀ pé bí ẹni tó yá owó tó yẹ kó máa san lóṣooṣù kò bá san fún ọjọ́ 120, kí báńkì kọ owó náà sílẹ̀ bí àdánù. Ohun tí wọ́n ń pè ní charge-off nìyẹn. Bí ìyá aláṣọ kan bá mú orúkọ oníbàárà kúrò ní ojú ewé owó tó ń bọ̀, tó kọ ọ́ sí ojú ewé owó tó ti wọmi, kò túmọ̀ sí pé ó ti gbàgbé ọ̀nà ilé oníbàárà náà. Inú ìwé báńkì ni wọ́n ti yọ ọ́, kì í ṣe ní ọrùn yín. Wọ́n lè máa béèrè rẹ̀ fúnra wọn, wọ́n lè gbé e fún agbowó gbèsè, wọ́n sì lè tà á pátápátá fún ilé iṣẹ́ tó ń ra gbèsè ní owó táṣẹ́rẹ́.

Aago méjì ló ń lù lórí ọ̀rọ̀ yín, ẹ má sì pa wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ti ìwé krẹ́díìtì. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan tó ti wà láti 1970, Fair Credit Reporting Act, fún irú àkọsílẹ̀ yìí ní ọdún méje. Bí àwọn ilé iṣẹ́ krẹ́díìtì ṣe ń ṣe é, láti ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ kùnà láti san tí ẹ kò sì bá a mọ́ ni wọ́n ti ń kà. Ẹ kùnà ní oṣù karùn-ún 2022. Nítorí náà, nǹkan bí àárín 2029 ni yóò kúrò. Bí ẹ bá san án lọ́la, aago yìí kò ní padà sẹ́yìn. Bí agbowó tuntun bá gbé ọjọ́ tuntun sínú ìwé náà kó lè pẹ́ sí i, ẹ̀sùn tó yẹ kí ẹ kọ lọ nìyẹn. Àdírẹ́sì annualcreditreport.com ni ẹ ti lè gba ìwé ilé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹ bá fẹ́.

Aago kejì ni ti ilé ẹjọ́, òun ló sì kàn yín jù lónìí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iye ọdún tirẹ̀. Ní Texas, ọdún mẹ́rin ni olówó ní láti pe onígbèsè lẹ́jọ́. Agbẹjọ́rò lè bára wọn jiyàn lórí ọjọ́ gan-an tí kíkà bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á láti 2022, ẹ ó rí i pé kò tíì pé, 2026 ló máa pé. Ìdí tí fóònù fi ń dún lemọ́lemọ́ báyìí lè máà ju ìyẹn lọ. Tẹ́ ẹ bá ní ẹbí ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ má fi èyí gbà wọ́n nímọ̀ràn o. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, dọ́là 50 péré tí èèyàn bá san láti fi tu agbowó nínú lè mú kí aago ilé ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Texas ti gé ìyẹn fún àwọn tó ń ra gbèsè láti oṣù kẹsàn-án 2019: bí ọdún mẹ́rin bá ti pé, wọn kò lè pe ẹjọ́ mọ́, owó tí èèyàn bá sì san kò lè jí ẹjọ́ náà dìde.

Kí ló burú nínú ẹjọ́? Bí wọ́n bá fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé yín lọ́wọ́, kóòtù kékeré tí wọ́n ń pè ní Justice Court ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́, torí òun ló ń gbọ́ ẹjọ́ tí owó rẹ̀ kò ju 20,000 lọ. Ọjọ́ 14 péré lẹ ní láti fèsì. Àwọn èèyàn wa máa ń sá fún ẹni tó mú ìwé wá, tàbí kí wọ́n gbàdúrà lé e lórí kí wọ́n sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ọjọ́ 14 bá kọjá láìsí èsì, olówó lè gba ìdájọ́ láìsí àríyànjiyàn kankan, ìdájọ́ náà ń gbé ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì lè sọ ọ́ dọ̀tun. Òfin Texas kò jẹ́ kí wọ́n gé owó oṣù yín nítorí irú gbèsè yìí, ìyẹn dára. Àmọ́ gbàrà tí owó oṣù náà bá ti wọ àkáǹtì, wọ́n lè gba àṣẹ kí báńkì dì í. Mo ti rí ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ tó yẹ kó san owó ilé ló mọ̀ pé wọ́n ti dá ẹjọ́ òun.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ilé tí ẹ fẹ́ rà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ti yẹ kó fìdí múlẹ̀. Bí ẹ bá san charge-off, wọn yóò kọ ọ́ pé ẹ ti san án tàbí pé ẹ san díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ charge-off kò ní kúrò. FICO 8, ọ̀kan lára àwọn ètò tó ń ṣírò máàkì krẹ́díìtì, tí ọ̀pọ̀ ilé ìyáwó ń lò, kò fi bẹ́ẹ̀ ya èyí tí wọ́n san sọ́tọ̀ sí èyí tí wọn kò san. FICO 9 àti VantageScore tuntun, tí àwọn náà ń ṣírò máàkì, máa ń fojú fo gbèsè tó wà lọ́wọ́ agbowó bí èèyàn bá ti san án, àmọ́ ẹ̀dà FICO àtijọ́ ni àwọn tó ń yáni lówó ilé gbára lé láti ọjọ́ pípẹ́.

Owó yíyá FHA, ìyẹn owó ilé tí ìjọba àpapọ̀ ń dúró fún, ń gba ẹni tí máàkì rẹ̀ tó 580 láyè láti mú 3.5% owó ilé sílẹ̀. Ẹni tó bá wà láàárín 500 sí 579, 10% ni. Nítorí náà, 548 yín kò jìnnà sí ibi tí ẹ ń lọ. FHA kò sọ ọ́ di dandan kí ẹ san charge-off kí wọ́n tó yá yín. Ṣùgbọ́n bí gbèsè náà bá hàn lọ́wọ́ agbowó gẹ́gẹ́ bíi collection, tí gbogbo irú rẹ̀ sì tó 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò ní kí ẹ san án, tàbí kí ẹ ṣe àdéhùn sísan, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ wọn yóò ka 5% rẹ̀ mọ́ gbèsè oṣooṣù yín. 5% nínú 9,400 jẹ́ dọ́là 470. Ìyẹn lè lé ilé lọ mọ́ yín lọ́wọ́. Bó bá ti di ìdájọ́ kóòtù, ọ̀rọ̀ tún le sí i: ẹ gbọ́dọ̀ san án, tàbí kí ẹ ti wà lórí àdéhùn tí ẹ ti san fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Nítorí náà, ẹ wo ìwé krẹ́díìtì yín lónìí bóyá báńkì àkọ́kọ́ nìkan ló wà níbẹ̀, tàbí orúkọ agbowó kan ti kún un.

Ẹ má ṣèlérí kankan lórí fóònù. Láyé àtijọ́, olówó máa ń rán ológò wá jókòó sí ilé onígbèsè, yóò máa pa á ládìẹ jẹ títí wọ́n á fi rí owó san. Lónìí, fóònù ló ń dógò tì yín, òfin sì ti fi okùn sí i lọ́rùn: láti oṣù kọkànlá 2021, agbowó kò gbọdọ̀ pè ju ìgbà méje lọ láàárín ọjọ́ méje lórí gbèsè kan. Bó bá jẹ́ agbowó ni, ẹ ní ọjọ́ 30 láti ìgbà tí ìwé àlàyé gbèsè rẹ̀ bá tẹ̀ yín lọ́wọ́ láti kọ lẹ́tà pé kó fi ẹ̀rí hàn. Ẹ béèrè ta ló ni gbèsè náà báyìí, kí wọ́n sì fi ìwé ìṣirò rẹ̀ ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Ṣé wọ́n kọ̀wé sí yín kí wọ́n tó ta ọkọ̀ náà? Ṣé títà náà bójú mu, àbí wọ́n tà á ní ọ̀pọ̀kúyọ̀kú? Bí wọn kò bá tẹ̀ lé òfin títà, agbẹjọ́rò lè fi gé gbèsè náà. Òfin sì fún oníbàárà láyè láti béèrè owó ìtanràn tó tó gbogbo owó èlé ọkọ̀ náà pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí ẹ yá. Ohun mìíràn tí mo máa ń rí: lọ́jọ́ tí ẹ ra ọkọ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ta warranty, ìyẹn àdéhùn àtúnṣe ọkọ̀, tàbí GAP, ìyẹn ìdáàbòbò tó ń san gbèsè tó bá kù bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, mọ́ yín lórí. Ọkọ̀ ti lọ ní 2022, ọdún tí ẹ kò lò nínú rẹ̀ lówó padà, ó sì yẹ kó dín 9,400 náà kù. Mi ò rí i nínú ìṣirò tí ẹ kọ sí mi.

Ìdájọ́ tèmi rèé. Bí ẹ̀rí wọn bá pé, tí ẹ sì ní owó kan tí kì í ṣe owó ilé, tí kì í ṣe owó èsúsú tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó tí ẹ ṣì ń dá, ẹ bá wọn dúnàádúrà, nítorí ẹjọ́ àti nítorí ilé. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti 4,000 tí wọ́n dárúkọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 2,000. Gbèdéke ìparí oṣù tí wọ́n fún yín, ọgbọ́n ọjà ni. Ẹni tó fẹ́ gba owó yóò tún pè ní oṣù kejìlá. Bó bá jẹ́ agbowó ló ni ín, ẹ bi í bóyá yóò yọ orúkọ tirẹ̀ kúrò nínú ìwé krẹ́díìtì bí ẹ bá san. Àwọn kan ń gbà, báńkì àkọ́kọ́ kì í sábà gbà. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹnu kò sí, kó wà nínú ìwé kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ fi cashier’s check, ìyẹn ṣẹ́ẹ̀kì tí báńkì fúnra rẹ̀ kọ, san án, ẹ má fún wọn ní nọ́ńbà àkáǹtì yín láé. Ẹ sì rántí owó orí: bí wọ́n bá dárí 5,400 jì yín, wọ́n lè fi fọ́ọ̀mù 1099-C ránṣẹ́, IRS, àwọn tó ń gba owó orí ìjọba àpapọ̀, yóò kà á bí owó tó wọlé fún yín. Àmọ́ bí gbèsè yín bá ju ohun ìní yín lọ lásìkò náà, fọ́ọ̀mù IRS tó ń jẹ́ Form 982 lè yọ yín nínú owó orí náà.

Bí owó kò bá sí, ẹ má lọ yá òmíràn láti fi dí i. Ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀, kí ẹ sì máa ṣí lẹ́tà.

Àwọn kan á sọ pé ọmọlúàbí kì í jẹ gbèsè kó má san. Mi ò bá wọn jà. Bó bá jẹ́ ọkàn yín ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, ìdí tó tó láti san án nìyẹn, kẹ́ ẹ ṣáà mọ̀ pé oorun lẹ fi owó náà rà.

Ní ti máàkì, ohun tuntun tó dára ló ń bo ohun àtijọ́ mọ́lẹ̀: 35% nínú FICO ni ìtàn bí ẹ ṣe ń sanwó, 30% sì ni iye tí ẹ jẹ. Ẹ gba káàdì krẹ́díìtì kan tí ẹ máa kọ́kọ́ fi dọ́là 200 sílẹ̀ ní báńkì láti dúró fún, ẹ fi ra epo ọkọ̀ nìkan, ẹ má jẹ́ kí gbèsè orí rẹ̀ ju dọ́là 20 lọ kí ìwé oṣù tó jáde, ẹ sì san án tán lóṣooṣù. Èsúsú tí ẹ ń dá pẹ̀lú àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì kì í hàn nínú ìwé krẹ́díìtì, bó ti wù kí ẹ ṣòótọ́ tó. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Esusu, ọmọ Nàìjíríà kan, Wemimo Abbey, wà lára àwọn méjì tó dá a sílẹ̀ ní 2018. Owó ilé tí ayálégbé ń san ni wọ́n ń kọ sínú ìwé krẹ́díìtì. Ẹ bi onílé yín bóyá ó ń bá wọn ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ ta “CPN” fún yín, ìyẹn nọ́ńbà mẹ́sàn-án tí ẹ máa lò dípò Social Security yín, ẹ sá fún un. Ẹ̀wọ̀n wà nínú ẹ̀.

Ẹ kọ lẹ́tà ẹ̀rí náà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fi certified mail ránṣẹ́, ẹ tọ́jú rìsíìtì rẹ̀. Bí ìwé kóòtù bá ṣáájú èsì wọn dé, ẹ má dúró dè mí: fọ́ọ̀mù ìdáhùn wà ní TexasLawHelp.org, Lone Star Legal Aid sì ń ran àwọn tí owó wọn kò tó lọ́wọ́ ní Houston.