Ìwé Ta Ni?

Ọmọ yẹn gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ìwé tí kì í ṣe tirẹ̀. Ojú ewé mẹ́rin ni lẹ́tà rẹ. O fọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ náà káàkiri inú rẹ̀, ìlà kan níbí, ìlà kan lọ́hùn-ún, bí ẹni tí kò fẹ́ ká kó o jọ. Mo ti kó o jọ. Èyí tí mo fàlà sábẹ́ rẹ̀ jù nìyí: "Mo kàn ní ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀." Ọ̀rọ̀ tán fún ta ni?

Kí àwọn tó kù lè bá wa dé e: obìnrin ọdún 44 ló kọ̀wé láti Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù. Nọ́ọ̀sì ni, díákónì lọkọ rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń ka ìwé ìfẹ́ tó jẹ́ pé ọkùnrin méjì ni ìfẹ́ kó sí lórí. Orí fóònù ló ti ń kà á jù, nínú bọ́ọ̀sì, tó bá ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀. Lọ́jọ́ kan ó rí ọ̀kan tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù, pọ́n-ùn méjì, ó rà á, ó sì gbàgbé rẹ̀ sábẹ́ ìjókòó mọ́tò. Ọkọ rí i. Ọkùnrin méjì ló wà níwájú ìwé náà, ọ̀kan gbórí lé èjìká èkejì. Ọkọ gbé e wọ pálọ̀, ó ní ìwé ta ni. Ìyàwó ní ti ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni, ọmọbìnrin ọdún 19 tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, tó ń lọ sí yunifásítì. Ohun tó wá bi mí ni pé ṣé nǹkan ń ṣe òun ni, tí abilékọ á fi máa gbádùn irú ìtàn bẹ́ẹ̀, àti pé ṣé kí òun jáwọ́.

N óò dáhùn ìyẹn kíákíá kí n lè ráyè bá ọ jà.

Nǹkan kan kò ṣe ọ́. Àwọn obìnrin ti ń kọ irú ìtàn yìí, wọ́n sì ti ń kà á, kí wọ́n tó bí ọ. Ní Japan, láàárín àwọn ọdún 1970, obìnrin ló ń ya ìtàn aláwòrán nípa àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn ọmọdébìnrin ló sì ń rà á. Lásìkò kan náà ní Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin tó ń wo Star Trek lórí tẹlifíṣọ̀n ń kọ ìtàn ìfẹ́ Kirk àti Spock, ọkùnrin méjì inú eré náà, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní England tí ò ń gbé yẹn gan-an, òǹkọ̀wé kan, E. M. Forster, kọ irú ìtàn yìí, Maurice, ní 1913 sí 1914, kò sì jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde títí tó fi kú ní 1970. 1971 ló tó dé ọjà. Ohun tó kà á léèwọ̀ ni pé ìtàn náà parí sí ayọ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ pé ká ní ikú ló parí sí ni, kì bá tí sí wàhálà. Òfin England ṣì ń fi irú ìfẹ́ yẹn sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n títí di 1967. Nítorí náà, ìwọ tó o sọ pé ohun tó o fẹ́ràn ni pé láti ojú ewé kìíní lo ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa kú, lẹ́yìn wákàtí 12 ní wọ́ọ̀dù, ẹ̀tọ́ rẹ ni. O tún ní, "Kò sí ìyàwó nínú rẹ̀, Màmá, kò sẹ́ni tó ń retí pé kí ẹnikẹ́ni lọ dáná." Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì yé mi.

Ó tó. Ká padà sí pálọ̀.

O fi ojú ewé kan gbáko ròyìn ibi tó dùn mọ́ ọ jù nínú ìwé yẹn. Bàbá ọmọkùnrin náà ń ṣọjọ́ìbí, gbogbo ẹbí jókòó yí tábìlì ká, lẹ́tà kan já bọ́, wọ́n ní ta ló ni ín. Ọmọkùnrin náà gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "Èmi ni." O ní o ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, omijé ń bọ́ lójú rẹ títí bọ́ọ̀sì fi gbé ọ kọjá ibi tó yẹ kó o bọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè kan náà lọkọ rẹ bi ọ́, pẹ̀lú ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Kí lo gbé sílẹ̀?

O ní ọmọ náà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kànìnkànìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ọṣẹ ń kán tó, tó sílẹ̀. Ó wò ọ́, kò sọ nǹkan kan. O ní, "Ó yà mí lẹ́nu pé kò jiyàn." Kí ló fẹ́ sọ? Ìkòkò rẹ ló ti ń jẹun, bẹ́ẹ̀dì tó ń sùn lé, ìwọ lo rà á. Ó sì mọ̀ pé tìrẹ ni ìwé náà, torí ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ sí ojú ewé kejì pé ó ti bá ọ nídìí rẹ̀ rí, tó o bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ. Kò sọ. Ẹ̀san àṣírí tó bò fún ọ nìyẹn.

Ọkọ rẹ mú un lọ bá pásítọ̀, wọ́n gba fóònù rẹ̀, wọ́n ní kó gbààwẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru, ṣùgbọ́n èyí tí ìwọ rán an yìí, ó kọjá tòru-tòru. Ní òru ọjọ́ kejì ààwẹ̀ náà, nígbà tí ebi ń pa á nínú yàrá tó kángun sí tìẹ, o ra ìwé náà pa dà sórí fóònù rẹ, o kà á tán. O tilẹ̀ sọ fún mi pé ó dùn.

Lẹ́yìn rẹ̀ lo ra bàtà tuntun fún un, "ó sì gbà á." Ibi bàtà yẹn ni mo dé tí mo mọ̀ pé n óò dá ọ lóhùn.

Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà tí wọ́n fi mí sọ́dọ̀ ìyá kan, ìbátan bàbá mi, ní Abẹ́òkúta. Ìyá náà fẹ́ràn stout, ọkọ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gbọ́. Lọ́jọ́ tí ọkọ rí ìgò òfìfo lẹ́yìn àmù, ìyá yẹn kò tilẹ̀ mí kanlẹ̀ kó tó ní èmi ni. Stout! Mo jẹ pàṣán mẹ́fà, mo ti gbàgbé bó ṣe ta mí. Èyí tí n kò gbàgbé ni pé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó bu ẹran méjì sórí ẹ̀bà mi, kò wojú mi. Kò bá mi sọ ọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Mo wà níbi ìsìnkú rẹ̀, gbogbo èèyàn ń ròyìn oore rẹ̀, èmi ń wo ẹran méjì yẹn. Bàtà tó o rà, ẹran méjì ni.

O rò pé Thamesmead lọ̀rọ̀ náà wà. Ọkọ rẹ ti pe bàbá ọmọ ní Ìbàdàn. "Ó ń ka ìwé kan" tó gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù, "ó ti ń ṣe é" ni yóò fi dé Mọ́kọ́lá. Nàìjíríà lẹ ránṣẹ́ sí yẹn, níbi tí òfin ọdún 2014 ti ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ọkùnrin tó bá bá ọkùnrin ṣègbéyàwó tàbí obìnrin tó bá bá obìnrin ṣègbéyàwó, ẹbí kì í sì í dúró ka òfin kí wọ́n tó dájọ́. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin wálé fún Kérésì, wọn á máa wo ọ̀rẹ́ náà látòkè délẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ lóòótọ́ ńkọ́? Ẹnu tirẹ̀ ló yẹ kó ti jáde, lọ́jọ́ tó bá wù ú.

O ní ọkọ rẹ kì í ṣe ẹni tó ń gbọ́wọ́ sókè sí èèyàn, pé tínú bá bí i, oúnjẹ ni kì í jẹ. Ó dáa, kó má jẹun. Ilé yín ti mọ ààwẹ̀ gbà.

Ọmọ náà ni kó o kọ́kọ́ bá, kì í ṣe ọkọ. Lọ sí yàrá rẹ̀, jókòó, kó o ní, "Mo purọ́ mọ́ ọ." Má fi "ṣùgbọ́n" sí i, má sì dárúkọ bàtà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ní pálọ̀, tí ọmọ wà níbẹ̀, sọ fún ọkọ rẹ pé tìrẹ ni ìwé náà, kó o gba fóònù ọmọ pa dà fún un, kẹ́ ẹ sì pe Ìbàdàn lójú gbogbo yín. Pásítọ̀, ọkọ rẹ ló mú ẹjọ́ lọ bá a, òun ni kó lọ mú un bọ̀. Tó bá bi ọ́ pé kí lò ń wá nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, sọ ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní í dáná yẹn fún un bó o ṣe sọ ọ́ fún mi.

Nígbà tó o bá ṣe gbogbo ìyẹn tán, kì í ṣe ṣáájú, fi orúkọ ìwé náà ránṣẹ́ sí mi. Ọjọ́ìbí bàbá yẹn, orí kejìlá lo pè é, àbí?