Àbúrò, má tíì fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́: ask, request àti demand ò jọra

Àbúrò mi tó béèrè láàárọ̀ pé dikíṣọ́nárì ní nǹkan kan náà ni ask, request, demand, enquire àti beg, pé èwo lòun máa fi kọ lẹ́tà sí ọ̀gá òun láti gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta, jọ̀ọ́ dúró ná. Mo rí "I hereby demand for three days leave" tó o kọ síbẹ̀, àyà mi já, torí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ní Garki, ní Abuja níbí, lọ́dún 2011, mi ò sì tíì gbàgbé ẹ̀ dòní.

Sẹ́kítírì ni mí nígbà yẹn níléeṣẹ́ kékeré kan tó ń ta AC, tó sì tún ń bá èèyàn gbé e kọ́. A ní kọ́sítọ́mà kan, Alhaji àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, Gwarinpa nilé wọn wà. Wọ́n ra AC márùn-ún lọ́wọ́ wa, wọ́n ti san púpọ̀ nínú owó ẹ̀, ó wá ku 180,000 náírà. Ọ̀gá mi pè mí, wọ́n ní "Bá mi kọ lẹ́tà sí Alhaji, bi wọ́n léèrè ìgbà tí bálánsì yẹn máa wọlé." Bi wọ́n léèrè o, ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo tẹ ask, mo wò ó, ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọ pírámárì lójú mi, mo pa á rẹ́. Mo wá ń wá ọ̀rọ̀ tó tóbi, èyí tó máa jẹ́ kí lẹ́tà iléeṣẹ́ wa níyì, mo ṣí dikíṣọ́nárì, mo rí demand lábẹ́ ask, mo ní òun rèé. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí: "We hereby demand for the balance of N180,000 within seven days." Ọ̀gá mi ń sáré lọ sí Kaduna lọ́jọ́ náà, wọ́n buwọ́ lù ú láìkà á.

Èmi náà ni mo gbé e lọ fún wọn nílé. Alhaji gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n gbé omi tútù wá fún mi, wọ́n fi awò sójú, wọ́n ka lẹ́tà náà, wọ́n tún un kà. Wọ́n wá yọ awò yẹn, wọ́n gbé e lé orí bébà náà níbi tó wà lórí tábìlì, wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n fi Hausa sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ni, "Ni kuke yi wa haka?" Èmi lẹ̀ ń ṣe báyìí sí? Ní òótọ́ mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Lọ́jọ́ kejì dírẹ́bà wọn kó owó náà wá, kọ́bọ̀ kan ò dín níbẹ̀. Ìgbà tí ọ̀gá mi dé tí wọ́n gbọ́, wọ́n mú mi dání, a lọ bẹ Alhaji, Alhaji sì fi òyìnbó dá wa lóhùn pé "You did not ask me. You demanded." Wọ́n dárí jì wá, wọ́n tiẹ̀ fún wa ní dàbínò mú lọ sílé, àmọ́ àwọn ọmọ wọn mẹ́ta tó ń kọ́lé lọ́wọ́ nígbà yẹn, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni gbogbo wọn ti lọ ra AC.

Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó mú ọ̀rọ̀ òyìnbó kan, mo máa kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fẹ́ sọ ní Yorùbá sí etí ara mi, torí àwa ò da àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀ rárá. Ask ló fẹjú jù nínú gbogbo wọn, wọ́n á ní ask a question, wọ́n á ní ask for money, wọ́n á tún ní ask him to come, ask kan náà ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ìbéèrè là ń bi èèyàn, owó là ń tọrọ, ẹni tá a bá fẹ́ kó wá, àá ní kó wá tàbí ká bẹ̀ ẹ́ kó wá. Kò sẹ́ni tó ń tọrọ ìbéèrè. Àwọn Hausa tá a jọ ń gbé níbí náà yà á sọ́tọ̀, tambaya ni tìbéèrè, roƙo ni kéèyàn tọrọ nǹkan, ẹni tó ń ṣagbe lẹ́bàá títì, bara ló ń ṣe. Tó o bá ti mọ èyí tó o ń ṣe nínú wọn, ọ̀rọ̀ òyìnbó tó yẹ ò ní ṣòroó rí.

Tó bá jẹ́ pé ìròyìn lo fẹ́ gbọ́, tó ò fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bí iye owó ilé ní Kubwa tàbí ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù máa jáde, enquire nìyẹn, tàbí kó o kàn lo ask, kò sóhun tó ṣe ask, ọ̀rọ̀ tó níyì ni. (Inquire tí wọ́n fi i bẹ̀rẹ̀, àwọn ará Britain sábà máa ń fi í sílẹ̀ fún ìwádìí ńlá, irú èyí tí ìjọba máa ń gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ fún, àmọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi i kọ méjèèjì.) Request ni kó o tọrọ nǹkan pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹni tó ò ń tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní rárá. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni kó o wò dáadáa, ṣé ẹni yẹn lè ní rárá? Tó bá lè ní rárá, kì í ṣe demand.

Torí demand ò fi àyè rárá sílẹ̀. Tó o bá fẹ́ mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, rántí ológò ayé àtijọ́. Tí gbèsè bá pẹ́ lọ́rùn èèyàn nílẹ̀ Yorùbá, olówó á lọ bẹ ológò lọ́wẹ̀, ológò á wọ ilé onígbèsè, á jókòó tì í, á máa bú u, á mú adìẹ tó bá rí lágbàlá pa jẹ, kò sì ní kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá sanwó. Wọ́n ń pe ìyẹn ní dídógò ti èèyàn. Ohun tí mo fi lẹ́tà mi ṣe sí bàbá tó gbé omi tútù fún mi mu nìyẹn. Demand ní ibi tó dáa sí o, lọ́yà máa ń kọ ọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ dé kóòtù, bébà owó orí àti ti owó ilẹ̀ tí wọ́n ń pín kiri Abuja níbí náà, demand notice ni wọ́n ń kọ sórí ẹ̀, òfin ló wà lẹ́yìn wọn. Èwo ni òfin tó wà lẹ́yìn ìwọ tó ò ń wá ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta?

Ohun tó tún ń tan èèyàn nípa demand ni Faransé. Lédè Faransé, demander ò le rárá, kéèyàn kàn béèrè nǹkan ni. Ọ̀dọ̀ wọn ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú u, lẹ́yìn táwọn Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066 tí Faransé di èdè àwọn olówó àtàwọn adájọ́ níbẹ̀, ó wá le sí i lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ask ní tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé wọn ni, ó ti wà káwọn yẹn tó dé. Mo bá bọ̀dá kan ṣiṣẹ́ rí tó wá láti Kétu nílẹ̀ Benin, Yorùbá bíi tiwa, àmọ́ Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé. Ó máa ń wọ ọ́fíìsì wa pẹ̀lú ẹ̀rín, á ní "Please, I demand you one question." Àwọn tó kù á bojú jẹ́, wọ́n á ní ó ń gbéra ga. Èmi ni mo ṣàlàyé fún un, mo sì ṣàlàyé fáwọn náà. Irú wọn ò ṣọ̀wọ́n ní Abuja, ṣebí ibí ni olú iléeṣẹ́ ECOWAS wà, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Potogí ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, torí náà tẹ́ni tó gbọ́ Faransé bá demand nǹkan lọ́wọ́ ẹ, fara balẹ̀ kó o tó bínú.

Beg ńkọ́? Lẹ́nu wa níbí ó fúyẹ́, abeg là ń pè é látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àmọ́ tó o bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí òyìnbó, ohun tó máa rí ni ẹni tó dọ̀bálẹ̀ tó ń sunkún. Tọ́jú ẹ̀ de ìgbà tọ́rọ̀ bá dà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

O ò béèrè question, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí ọmọ kan tí mo ń kọ́ níṣẹ́ kọ ọ́ sínú íméèlì lóṣù tó kọjá, "I questioned the director about the date." Kéèyàn fi ọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò ni ìyẹn, ohun tí ọlọ́pàá ń ṣe fún ẹni tí wọ́n fura sí. Ọ̀gá náà ò bínú, ó kàn pè é pé ẹ̀ṣẹ̀ wo lòun ṣẹ̀. Ask náà ló yẹ kó lò.

Ó wá ku for, èyí tí gbogbo wa ń ṣì, àtàwọn tó ní dìgírì. Ask ló máa ń gba for tó bá jẹ́ pé ò ń tọrọ nǹkan, ask for leave. Request àti demand ò gbà á tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, I request leave, ó parí. Ìgbà tí wọ́n bá di orúkọ ni for máa ń wọlé, bíi my request for leave. Mo lo ọdún mẹ́fà nídìí iṣẹ́ yìí kí n tó mọ ìyẹn, kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Tìẹ, kọ ọ́ báyìí: "I write to request three days' leave, from Wednesday to Friday." Sọ ìdí ẹ̀ ní gbólóhùn kan, sọ ẹni tó máa di iṣẹ́ ẹ mú, kó o dúpẹ́. Yọ hereby yẹn kúrò. Tó o bá ti kọ ọ́ tán, gbé e síbí kí n bá ẹ kà á kí ọ̀gá ẹ tó rí i, mo máa wà lórí ẹ̀rọ títí di aago mẹ́wàá alẹ́.